Bátìrì Tó Ń Pa Ọjọ́ Ìsinmi Mọ́

Ìgbà àkọ́kọ́ tí màmá onílé mi bi mí bóyá kọ̀ǹpútà mi ti sinmi, mo rò pé eré ni wọ́n ń bá mi ṣe. Ọjọ́ Ẹtì ni, ní Ìlíṣàn, oòrùn ti rọlẹ̀ sẹ́yìn igi àgbọn ilé kejì, wọ́n sì dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi pẹ̀lú ọmọrí ìkòkò lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ọmọrí náà sí abẹ́ tábìlì mi, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń kùn bí oyin.

"Èyí tó ń kùn yìí," wọ́n ní, "ìgbà wo ló fẹ́ sinmi?"

Nọ́ọ̀sì ni màmá onílé mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Inú ìjọ tó ń pa Sábáàtì mọ́ ni wọ́n bí wọn sí, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ládùúgbò wa. Tí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, títí yóò fi tún wọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹnikẹ́ni kì í fọṣọ nínú ọgbà yẹn, wọn kì í dáná, wọn kì í tajà. Wọ́n ti mọ̀ kí wọ́n tó fún mi ní yàrá pé ọmọ Ìṣẹ́yìn ni mí, pé Mùsùlùmí sì ni mí. Wọn ò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn gún mi lára rí. Tí mo bá ń kírun, wọ́n á ní kí ẹnikẹ́ni má pariwo. Ti kọ̀ǹpútà yìí nìkan ni wọn ò gbà.

"Màmá, ẹ̀rọ lásán ni. Kì í ṣe ènìyàn."

"Màlúù ńkọ́? Ṣé ènìyàn ni màlúù? Ọlọ́run ní kí màlúù sinmi. Ó ní kí àlejò tó wà nínú ọgbà náà sinmi. Ìwọ ni àlejò mi. Ìyẹn sì ni màlúù rẹ."

Mo ti dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n rí láti ṣàlàyé iṣẹ́ mi, wọn ò rí mi gbé ṣánlẹ̀. Màmá tó mú ọmọrí ìkòkò lọ́wọ́ fi màlúù kan ṣoṣo pa mí lẹ́nu mọ́.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí màlúù mi ń ṣe. Bátìrì ọkọ̀ oníná ni iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wo ọwọ́ mi, ẹ ò ní rí èédú níbẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jáde ilé ìwé ló dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ ní Ṣàgámù. Ẹgbẹ́ ni wá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sanwó fúnni lọ̀gá ẹni, nítorí náà ọ̀gá ni mò ń pè é. Ohun tó kó sí ọ̀gá lórí ni èèpo gbàǹja. Gbogbo ẹni tó mọ Ṣàgámù ló mọ̀ pé obì ni wọ́n fi ń ṣayé níbẹ̀. Wọ́n á yọ obì tán, wọ́n á da èèpo rẹ̀ sẹ́yìnkùlé fún eṣinṣin. Ọ̀gá ní kí a sun èèpo yẹn níbi tí atẹ́gùn kò ti ní ráyè wọlé, kí ó di èédú, kí a wá fi èédú náà àti èròjà kan tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀ ṣe bátìrì. Kò ní sí òjé tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ nínú rẹ̀. Kò sì ní sí àwọn èròjà ọ̀wọ́n tí ọmọ ọlọ́mọ ń tìtorí wọn kú sínú kòtò nílẹ̀ òkèèrè. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé nígbà mìíràn mo máa ń bá èédú inú kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, kí màmá onílé má gbọ́.

Tí a bá ní kí a ṣe bátìrì gidi, kí a máa lò ó títí yóò fi kú kí a tó mọ̀ bóyá ó dára, orí wa á ti hewú. Kọ̀ǹpútà ló ń gbà wá. Mo máa ń sọ fún un pé: báyìí ni èédú yìí ṣe rí, báyìí ni ooru ṣe ń mú ní Ṣàgámù lọ́sàn-án, báyìí ni kòtò ṣe pọ̀ lójú ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́, iye èrò tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń gbé nìyí. Máa ṣáàjì rẹ̀, máa lò ó, kí o wá sọ fún mi ìgbà tí yóò kú. Wákàtí kan nínú yàrá mi, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni nínú ayé bátìrì yẹn. Síbẹ̀ náà, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni, sólà tó wà lórí òrùlé màmá onílé ló sì ń bọ́ ọ.

Ohun tó ń pa bátìrì kò ṣòroó ṣàlàyé. Nígbà tí a bá ń ṣáàjì, èròjà inú iyọ̀ á máa wọ inú èédú. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, á máa jáde. Tí a bá ń kán an lójú jù, á ṣù sẹ́nu ọ̀nà bí èrò tó ń jà du ọkọ̀ ní Íntáṣéńjì, ìkóríta ńlá Ṣàgámù. Èyí tó bá pẹ́ jù níbẹ̀ á dì mọ́ ẹnu ọ̀nà, kò ní wọlé mọ́, kò sì ní jẹ́ kí òmíràn wọlé. Bó ṣe ń dì bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni bátìrì á máa rẹ̀, títí yóò fi kú.

Nítorí àlàáfíà ilé, mo kọ ètò kékeré kan sínú kọ̀ǹpútà náà: tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kí ó dá iṣẹ́ dúró, tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí ó jí, kí ó máa bá iṣẹ́ lọ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sùn, màmá onílé dúró, wọ́n tẹ́tí sí i. Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ẹ̀n ẹ́n," wọ́n ní. "Ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀."

Wọ́n gbé ìkókorẹ́ fún mi nínú fúláàsì, èyí tí wọ́n ti sè kí oòrùn tó wọ̀. Kò ní edé, nítorí edé kò ní ìpẹ́, ohun inú omi tí kò bá sì ní ìpẹ́ kì í wọ ìkòkò wọn. Ìkókorẹ́ láìsí edé! Àwọn ará Rẹ́mọ yòókù á ní ìyẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì lá ṣíbí.

Nígbà tí èsì jáde, mo lọgun. Bátìrì èèpo gbàǹja kọ̀, kò kú. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti ń kú sí mi lọ́wọ́ bí òròmọdìyẹ inú òjò, èyí ń lọ ṣáá. Mo tún gbogbo ìṣírò yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò rí ibi tí mo ti ṣì í. Mo pe ọ̀gá. Ó gun ọ̀kadà láti Ṣàgámù wá, akoto tó dé sórí ni kò rántí ṣí títí ó fi wọ yàrá mi. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó bú sẹ́kún pẹ̀lú akoto lórí. Ẹnu yà mí. Láti ìgbà tí a ti jọ wà nílé ìwé, n kò mọ̀ pé ọkùnrin náà ní omi lójú.

Bí a ṣe ṣe bátìrì gidi nìyẹn. Àwọn kan tó ń ràn wá lọ́wọ́ láti Èkó gbé kẹ̀kẹ́ oníná kan kalẹ̀, irú èyí tó ń gbé èrò. Ó ku ẹni tí yóò máa wà á. Mo ní mo mọ ẹnìkan.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Lójúkojú, bọ̀dá mi ni mò ń pè é, "ẹ" ni mo sì máa ń sọ fún un. Orí ìwé yìí nìkan ni mo ti rí àyè máa pè é ní "ó". Òun ló kọ́kọ́ ti Ìṣẹ́yìn wá sí Íntáṣéńjì nígbà tí bàbá wa kú. Kẹ̀kẹ́ epo tó ń wà láàárín Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn ló fi rán mi dé yunifásítì. Ó ń wà á láàárọ̀, ó ń wà á títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọjọ́ Jímọ̀, á dúró kírun, á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, á tún gba ojú ọ̀nà lọ. Tí ènìyàn bá ní kó sinmi, á ní ibojì kò sá lọ, gbogbo wa ni a óò sinmi níbẹ̀.

Àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará Èkó kò lọ́jú pọ̀. Tí bátìrì bá ṣe bí kọ̀ǹpútà ṣe sọ pé yóò ṣe, kẹ̀kẹ́ á di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tí bátìrì bá kú nítorí ìlòkulò awakọ̀, wọ́n á gba kẹ̀kẹ́ wọn padà. Kíá ni bọ̀dá mi ta kẹ̀kẹ́ epo rẹ̀. Mo ní kó ṣe sùúrù ná.

"Ẹni tó lé eku méjì á pòfo," ó dá mi lóhùn. "Ṣebí ìwọ lo ṣe ìṣírò rẹ̀? Ó tán."

Ẹ̀rín la fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà kì í dún. Ìyá kan ní Ìkẹ́nnẹ́ wọlé, ó jókòó, ó tún sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ò wọ ọkọ̀ tí kò mí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìlíṣàn ń fi fóònù ya bọ̀dá mi. Ó ra díńgí dúdú fún ojú, èyí tí n kò rò pé mo máa rí lójú rẹ̀ láéláé. Tó bá kọjá níwájú ilé wa, á tẹ hóònù, màmá onílé á sì ju ọwọ́ sí i láti ẹ̀yìn fèrèsé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn oṣù mélòó kan, fóònù mi dún.

"Àbúrò, ó ti kú."

"Ta ló kú, bọ̀dá mi?"

"Bátìrì."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín pé kì í ṣe ènìyàn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gba ẹ̀rín. Bátìrì náà kò kú tán, ó ń kú lọ ni. Èyí tó ti ń gbé e lọ gbé e bọ̀ láìsí wàhálà bẹ̀rẹ̀ sí í dá a dúró láàárín ọ̀nà pẹ̀lú èrò lẹ́yìn. Mo bá a lẹ́bàá ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́, ó ń ti kẹ̀kẹ́, òógùn ti mú kí díńgí dúdú yẹn máa yọ̀ wá sí imú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ tó ń kọjá ń pariwo pé kó lọ ra epo sí i. Mo bá a tì í. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń tì í, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: kò ṣeé ṣe. Mo ti rí bátìrì yìí lójú kọ̀ǹpútà, ó ń bẹ láàyè!

Lójú ọ̀gá, ọ̀rọ̀ náà kò ní àríyànjiyàn. Èédú kan náà ni, ooru kan náà ni, kòtò kan náà ni. Ohun kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀ ni ìwà awakọ̀. Ó ní ìlòkulò ni. Ká sòótọ́, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, nítorí kí ni mo tún lè gbà? Mo pe bọ̀dá mi lórí fóònù.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ kì í kó èrò jù? Ṣé ẹ kì í yọ ọ́ lórí iná kó tó kún?"



"Kọ̀ǹpútà rẹ kì í purọ́," ó ní. "Ó ti yé mi. Èmi ni mò ń purọ́."

Ó pa fóònù. Mo dúró, mo ń wo fóònù náà. Bọ̀dá mi tó fi ẹ̀yìn pọ̀n mí la ìyà já kò tíì pa fóònù mọ́ mi létí rí. Nígbà tó yá, ọ̀gá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé àwọn ará Èkó ti ní kí wọ́n lọ gba kẹ̀kẹ́ náà lọ́jọ́ Àìkú.

Nírọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Àìkú yẹn, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ tán. Màmá onílé ti kọ orin tí wọ́n fi ń sin Sábáàtì sọ́nà, kọ̀ǹpútà mi ti jí fúnra rẹ̀, ó ti ń kùn. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Bọ̀dá mi ni. Kò tíì wọ yàrá mi rí láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé Ìlíṣàn. Ẹnu géètì ló máa ń dúró sí, á ní òun ń kánjú.

"Mo fẹ́ rí i," ó ní.

"Kí lẹ fẹ́ rí, bọ̀dá mi?"

"Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ ní ó mọ kẹ̀kẹ́ wà. Jẹ́ kí n wo bó ṣe ń wà á, kí n mọ ibi tí èmi ti ṣì í."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo fa àga fún un, mo ṣí àwòrán bátìrì náà sójú kọ̀ǹpútà. Ìlà kan ni, ó máa ń gòkè nígbà tí wọ́n bá ń ṣáàjì, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń rìn.

"Ẹ̀yin nìyí," mo ní. "Ẹ ń ṣáàjì níbí. Ẹ gba Ìkẹ́nnẹ́ lọ níbí, ẹ kó èrò. Ẹ tún padà sí Ṣàgámù. Ẹ tún ṣáàjì."

Ó ń mi orí. Ó súnmọ́ ọn bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀. Mo ń fi ìka tọ ìlà náà lọ, òkè, ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, títí ìka mi fi dé ibi tí ìlà náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí àkéte.

"Níbí, ẹ̀ ń..."

Ìka mi dúró. Mo ti rí ibi títẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti wà níbẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ti kà á sí àmì ibi tí iṣẹ́ ti dúró nítorí Sábáàtì, ó sì ti mọ́ mi lójú débi pé n kì í rí i mọ́. N kò tíì fi ẹnu ara mi sọ ohun tí kẹ̀kẹ́ ń ṣe níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

"Kí ni mò ń ṣe níbẹ̀?" bọ̀dá mi bi mí.

"Ẹ̀ ń sinmi," mo ní. Ohùn náà kò jọ tèmi létí ara mi.

Aago kọ̀ǹpútà ló fà á. Mo ń dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n n kò dá aago dúró. Tí kọ̀ǹpútà bá jí nírọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, á wo aago, á rí i pé àkókò ti lọ, kẹ̀kẹ́ kò sì rìn. Kò mọ màmá onílé, kò mọ Sábáàtì. Ohun tó mọ̀ ni pé kẹ̀kẹ́ tí kò rìn, ó gúnlẹ̀ síbìkan ni. Wákàtí kan, ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nítorí náà oorun àṣùnpara ni kọ̀ǹpútà ń ṣírò fún bátìrì náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mi kọ̀ọ̀kan. Nínú ìsinmi yẹn, àwọn èròjà tó ṣù sẹ́nu ọ̀nà èédú ń ráyè wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dì. Ìdí nìyẹn tí kò fi kú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi sunkún pẹ̀lú akoto lórí.

Mo ké. Màmá onílé bi mí láti pálọ̀ bóyá ejò ni. Mo di etí tábìlì mú. Àwa tí a mọ̀wé! A ti fi ooru sínú ìṣírò yẹn. A ti fi kòtò sí i, a ti fi ẹrù sí i, a ti fi òjò sí i. Mo tilẹ̀ fi eruku ọyẹ́ sí i. Bọ̀dá mi ni a ò fi sí i. N kò bi í rí, èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, ìgbà wo lẹ máa ń sinmi?

Òun kò wò mí. Ó fi ìka tirẹ̀, tí epo kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ṣì wà lẹ́bàá èékánná rẹ̀, kan ibi títẹ́ àkọ́kọ́.

"Èyí, ó ń sinmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bọ̀dá mi."

"Èyí náà?"

"Èyí náà."

"Àtèyí?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó fẹ̀yìn ti àga.

"Àbúrò," ó ní, "èyí kì í ṣe èmi."

Láàárọ̀ Àìkú, àwa méjèèjì la jọ lọ bá ọ̀gá ní Ṣàgámù. Ó ti dúró de kẹ̀kẹ́ lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́. Mo ṣàlàyé fún un lórí ìdúró. Kò gbà. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí ló ń gbé mi, pé kò sí bí oorun kọ̀ǹpútà ṣe lè wo bátìrì sàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó ní a óò wò ó: kí n tún ìṣírò kan náà ṣe ní ilé iṣẹ́ níbẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà tuntun kan tó yára ju tèmi lọ fíìfíì, láìsí ìsinmi kankan, títí dé ibi tí bátìrì bọ̀dá mi ti ń kú. Kí kẹ̀kẹ́ dúró sí ọgbà títí èsì á fi jáde.

Bọ̀dá mi kò lọ sílé ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Ibo ló fẹ́ lọ? Kò ní kẹ̀kẹ́ epo mọ́. Orí àpò èèpo gbàǹja ló ń jókòó sí, á wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á wo fèrèsé tí mo wà, á tún wo kẹ̀kẹ́. Ó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ṣa èèpo kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dilẹ̀. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó ní ẹ̀yìn èsì.

Ọ̀sán ni èsì jáde. Bátìrì inú kọ̀ǹpútà kú, níbi tí ti bọ̀dá mi ti ń kú gan-an ló kú sí. Ọ̀gá tẹjú mọ́ ọn, ó la ẹnu sílẹ̀. Ó ní kí n tún un ṣí. Mo tún un ṣí. Ó bọ́ síta, ó lọ síwájú àpò tí bọ̀dá mi jókòó sí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku èédú pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀. Bọ̀dá mi fò dìde, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé òun ló ti ọkùnrin náà ṣubú.

"Kí ló dé? Kí ló dé? Ṣé wọ́n fẹ́ gbà á ni?"

Wọn ò gbà á. Ọ̀gá bá àwọn ará Èkó sọ̀rọ̀, a fi bátìrì tuntun sínú kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ kò ṣeé fi pamọ́: èédú gbàǹja dára, àfi pé ìdá kan nínú méje ayé rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìsinmi, ìyẹn láti ìrọ̀lẹ́ kan dé ìrọ̀lẹ́ kejì lọ́sẹ̀. Bọ̀dá mi jà. Ó ní ọjọ́ wo ni òun fẹ́ yọ nínú ọ̀sẹ̀, ṣé Àbámẹ́ta tí èrò pọ̀ jù ni? Mo sọ fún màmá onílé, mo sì rò pé wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè Rẹ́mọ tí n kò gbọ́ tán, wọ́n wá ní kí ó máa gbé kẹ̀kẹ́ náà wá sábẹ́ igi máńgòrò àwọn lọ́jọ́ Ẹtì. Ilé àwọn ti mọ bí a ṣe ń ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, ó wá lóòótọ́. Ó gúnlẹ̀ sábẹ́ igi, ó ní òun fẹ́ gun ọ̀kadà padà sílé, òun ń lọ wá iṣẹ́ alábàárù ṣe ní Íntáṣéńjì títí di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Màmá onílé ní kó kọ́kọ́ jókòó mu omi. Ó jókòó sórí àga gígùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo fi gbé omi dé, ó ti sùn.

Mo pe ìyàwó rẹ̀ kó má baà máa wá a.

"Ó sùn?" ó ní. "Ọkọ mi? Ní ìrọ̀lẹ́ yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò dáadáa."

Mo tún un wò. Ó ń mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá onílé ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Wọ́n kúnlẹ̀ ti àga gígùn náà pẹ̀lú gèlè lórí, wọ́n di ọrùn ọwọ́ bọ̀dá mi mú, wọ́n ń wo aago. Mo sáré.

"Sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́," wọ́n ní. "Ó wà láàyè. Kò tíì yí ẹ̀gbẹ́ padà láti àná. Irú oorun yìí, wọ́ọ̀dù ni mo ti rí i gbẹ̀yìn."

Mo jókòó sílẹ̀. N kò tíì rí ojú ẹ̀gbọ́n mi nínú oorun lójú ọ̀sán rí, láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Ó ti darúgbó. Ta ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀, níbo ni mo wà? Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì ká kò sórí àyà bí ẹni tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú.

Ibi tí mo ti ń wò ó ló ti ta jí. Ó dìde jókòó gìrì, ojú rẹ̀ pọ́n, kò mọ ibi tó wà.

"Wọ́n ti gbà á?"

"Rárá, bọ̀dá mi. Ẹ wò ó lábẹ́ igi."

Ó wo kẹ̀kẹ́ náà. Ó wo màmá onílé, ó wò mí.

"Oòrùn ti wọ̀?"

"Kò tíì wọ̀."

Ó ronú sí i díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi apá rọrí, ó kọjú sí ògiri, ó padà sùn.